Ẹyin Pẹ́pẹ́yẹ Lábẹ́ Ẹ̀wù Baálẹ̀

Bí orúkọ ẹlòmíràn bá sọnù, ẹkún ni yóò máa sun. Ṣùgbọ́n Àǹtí Mot fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì ìjọba àgbègbè wa ní Suphan Buri, ó bọ́ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni bọ́ ẹ̀wù tí kòkòrò ti jẹ, ó sì padà wálé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Lamduan ni orúkọ náà. Ohun tí Lamduan sì ti fi ojú rí kò kéré. Ẹja inú adágún rẹ̀ bá omi lọ nígbà tí odò kún àkúnya; alùpùpù rẹ̀ bá olè lọ; ọkọ rẹ̀, Sanit, já bọ́ láti orí igi àgbọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, àgbọn tí ó torí rẹ̀ gùn ún sì tún tẹ̀ lé e bọ̀ láti òkè wá bá a nílẹ̀. Nígbà tí àlùfáà àgbà inú tẹ́ńpìlì wa wo ọjọ́ ìbí rẹ̀, tí ó sì wo orúkọ rẹ̀, ó mi orí, ó ní àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jà bí ológbò àti ajá tí a dè mọ́ òpó kan ṣoṣo. Ó fún un ní Phitchayapha dípò rẹ̀, orúkọ tí ó gùn bí okùn ìdákọ̀ró, tí ó sì kún fún ire láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó lè pe Phitchayapha tán láìsinmi lágbede méjì. Mot, èyíinì ni èèrà, ni a ti ń pè é láti kékeré, nítorí ara rẹ̀ kò gba ìjókòó. Mot náà ni a sì ń pè é lọ. Ṣùgbọ́n àlùfáà fi èèwọ̀ kan dè é kí ó tó dìde níwájú rẹ̀. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ àtijọ́ náà, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ. “Aburú tí ó ń wá Lamduan kiri kò tíì mọ̀ pé ó ti kó kúrò nílé,” ni àlùfáà wí. “Bí o bá fi lè dáhùn, o ti ṣí ilẹ̀kùn fún un nìyẹn, o sì ti tẹ́ ẹní.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Àǹtí Mot lóṣòó síwájú àpótí ìsàba rẹ̀, àpótí ńlá tí iná mànàmáná ń mú gbóná, tí ẹyin pẹ́pẹ́yẹ kún inú rẹ̀ pitimu. Láti ìgbà tí omi ti kó ẹja lọ, ẹyin wọ̀nyí ni gbogbo ohun tí ó gbójú lé. Ọjọ́ náà gan-an tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n di ọmọ. Bí ènìyàn bá gbé etí lé èèpo, yóò gbọ́ wọn tí wọ́n ń ké wíì-wíì nínú lọ́hùn-ún bí ẹni tí ó ti di ẹrù tán tí ó ń retí ọkọ̀. Bí iná bá kú, tí àpótí tutù, inú èèpo yẹn náà ni wọn yóò kú sí. Àǹtí Mot mọ èyí, àwa aládùúgbò rẹ̀ mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tí ó ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Ìgbà náà ni fóònù rẹ̀ dún. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó sì jù ú sínú agbada èérí ìrẹsì tí ó fẹ́ bu fún àwọn pẹ́pẹ́yẹ ńlá.

“Ẹ̀gbọ́n Sanit! Ẹ̀gbọ́n Sanit o! Ó ti rí mi!”

Sanit ti òkè àtẹ̀gùn tiro sọ̀ kalẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ tí ó kán yẹn kò tíì jiná dáadáa. “Ta ló rí ẹ?”

“Aburú yẹn ni. Ó ti ra fóònù.”

Sanit wa fóònù náà jáde láti inú èérí, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó sì kà á sókè: “Sí LAMDUAN. O kò tíì san owó iná rẹ, ẹgbẹ̀rún kan ó lé ọ̀ọ́dúnrún àti mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún báàtì. Bí aago méjìlá ọ̀sán òní bá lù láìsan án, a ó gé iná rẹ láìsọ fún ọ mọ́. Tẹ ìlà ìsàlẹ̀ yìí kí o sì san án kíákíá.” Lẹ́yìn èyí ni ìlà aláwọ̀ aró kan wà, tí ó gùn, tí ó lọ́, tí ó sì dà bí ìgbà tí adìẹ ta ẹsẹ̀ sínú yíǹkì.

“Owó iná lásán-làsàn,” ni Sanit wí. “San án kí ojú ẹ wálẹ̀.”

“Bí mo bá san án, ta ló san án?”

“Ìwọ ni.”

“Lamduan ni! Orúkọ Lamduan ni wọ́n pè. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, mo ti jẹ́ ẹ nìyẹn.”

“Ó dáa, jẹ́ kí n bá ẹ san án. Ọkọ ẹ ni mí.”

“Ọkọ ta ni? Ọkọ Lamduan ni ẹ́ ni, àbí ọkọ Phitchayapha?”

Ìbéèrè kan wà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó dá a lóhùn ọ̀tún yóò sùn síta, ẹni tí ó dá a lóhùn òsì yóò sùn síta pẹ̀lú. Ọkọ tí ó bá gbọ́n a sì lọ jókòó síbì kan láti rò ó. Sanit lọ jókòó.

“Ṣé kí n kúkú pe ọ́fíìsì iná?” ni Àǹtí Mot ń bi ara rẹ̀. “Ohun tí wọ́n sì máa kọ́kọ́ bi mí ni pé kí lorúkọ mi.”

Bóyá ìbá ṣì rí ọgbọ́n dá, bí kò bá ṣe pé gbohùngbohùn abúlé bú jáde lórí òpó rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn. Baálẹ̀ wa, Prasoet, ni ó ń sọ̀rọ̀. Ó jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ débi pé kì í lè kéde pé ajá kan sọnù láìkọ́kọ́ sọ ìtàn orílẹ̀-èdè. “Ẹ̀yin ará mi, ọmọ ìlú rere ni ẹni tí ó ń san gbèsè rẹ̀ kí a tó bèèrè rẹ̀. Mo gba àtẹ̀jíṣẹ́ láti ilé-iṣẹ́ iná ní ìdájí òní. N kò jókòó, n kò mu kọfí, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì san án. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí irú rẹ̀ gbà, kí ó ṣe bí mo ti ṣe. Aago méjìlá ni wọ́n wí. Ìjọba kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni.”

“Ẹ ò gbọ́ bí?” ni Àǹtí Mot kígbe. “Òótọ́ ni! Aago méjìlá!” Ó sì ká ọwọ́ mọ́ àpótí ìsàba náà bí ìyá tí wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Chuea ni ó mú àbá wá. Arúgbó ni, lórí ọkọ̀ tí a so mọ́ èbúté ni ó ń gbé, àràárọ̀ ni ó sì ń wá sí abẹ́ ilé Àǹtí Mot, tí a kọ́ sórí òpó gíga, láti mu kọfí ọ̀fẹ́ àti láti ki fóònù rẹ̀ bọ iná. Ó ní ní ayé ìgbà tiwọn, èèpo ìrẹsì tí a yá sóòrùn ni a máa ń kó ẹyin sí.

“Òjò ti rin èèpo tèmi gbindingbindin, Bàbá,” ni Àǹtí Mot dáhùn.

“Ṣé òjò rin ènìyàn náà ni? Nígbà tí àwa ṣí kúrò ní Ayutthaya, inú ìró ìyá mi ni ẹyin wà títí a fi gúnlẹ̀. Ikùn ènìyàn gbóná. Ìwọ sá pe àwọn aládùúgbò rẹ.”

Bí a ṣe dé ibẹ̀ nìyẹn o. Kí oòrùn tó mú, a ti dùbúlẹ̀ sórí ẹní láàárín àwọn òpó ilé Àǹtí Mot, a na ara kalẹ̀ bí ẹja tí a sá, fáànù ńlá kan ń yí lójú kan lórí àjà lókè wa, ẹyin sì wà lábẹ́ ẹ̀wù oníkálukú. Èmi gba tèmi, mo tò wọ́n yí ìdodo ká. Àǹtí Mot ń rìn láàárín wa bí olùkọ́ lọ́jọ́ ìdánwò, ó ń ka òfin: a kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, a kò gbọdọ̀ wúkọ́, ẹni tí ara bá ń yún kí ó fi àdúrà pa á. Ó ṣòro púpọ̀ láti má rẹ́rìn-ín. Ọmọ inú ẹyin a máa ta pútú-pútú, èèpo rẹ̀ tutù díẹ̀ ó lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, bí ẹ̀rín bá sì ti mú ẹnì kan, a ó gbọ́ tí ẹyin ń kan ara wọn gò-gò lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, gbogbo wa a sì pariwo lé e lórí.

Baálẹ̀ kò wá láti dùbúlẹ̀ o. Ìbáwí ni ó bá wá. Ìpàdé kan wà fún un ní olú-ìlú àgbègbè, nítorí náà ó ti wọ yunifọ́ọ̀mù ìjọba, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Ìyàwó rẹ̀, Rabiap, tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

“Kí lẹ̀ ń ṣe báyìí?” ni Baálẹ̀ bú sí wa. “Odindi abúlé dùbúlẹ̀ láàárọ̀! Mot, mo ní kí o san owó iná, n kò ní kí o sọ àwọn ènìyàn mi di adìẹ!”

“Ẹ má bínú, Baálẹ̀, n kò lè san án, èèwọ̀ ni,” ni Àǹtí Mot wí, ojú rẹ̀ sì ti kúrò lójú Baálẹ̀, ó ti bọ́ sí ikùn rẹ̀. “Àmọ́ àwọn ẹyin kan ṣì kù tí kò rí ibi sùn.”

“Má wò mí bẹ́ẹ̀.”

“Ikùn yín ni ó fẹ̀ jù lábúlé yìí, Baálẹ̀. Òun náà ló sì lọ́ràá jù.”

“Obìnrin yìí, ìjọba ló wà níwájú rẹ!”

“Dùbúlẹ̀, bàbá Nok,” ni Rabiap wí fún ọkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. “Láti ọdún tí o ti joyè ni ikùn yẹn ti ń jẹun òkú, tí ó ń jẹun ìyàwó, tí ó ń jẹun ilé tuntun, láìsanwó. Jẹ́ kí ó bá ará ìlú ṣiṣẹ́ lónìí.”

A kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín; ṣùgbọ́n gò-gò ni ẹyin ń kan ara wọn káàkiri abẹ́ ilé. Baálẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé ojú gbogbo àwọn tí yóò tún dìbò fún un ni ó wà lára òun. Ó tú bọ́tìnnì mẹ́ta, ó sì dùbúlẹ̀. Àǹtí Mot ṣa àwọn ẹyin tí ó lágbára jù, àwọn tí ohùn wọn ti ń jáde ketekete, ó tò wọ́n sí i lábẹ́ ẹ̀wù, ó sì de bọ́tìnnì náà padà. Ó dà bí ìgbà tí ilẹ̀ ilé kan hu òkúta.

Ẹni tí ó bá dùbúlẹ̀ tí kò gbọdọ̀ mira, ẹnu nìkan ni ó kù fún un. A sọ̀rọ̀ ẹja, a sọ̀rọ̀ òjò, a sọ̀rọ̀ àwọn tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán, Bàbá Chuea na ọwọ́ fa fóònù rẹ̀ kúrò lẹ́nu iná, ó gbé e jìnnà sí ojú bí àwọn arúgbó ti máa ń ṣe.

“Ẹ bá mi dúpẹ́,” ni ó wí. “Èmi náà rí tèmi gbà. ‘Sí CHUEA. O kò tíì san owó iná rẹ.’ Orúkọ mi ni wọ́n kọ rùgùdù yìí.”

“Owó iná kẹ̀?” ni Rabiap bèèrè. “Bàbá, iná wo lẹ ní?”

“Àtùpà.”

“Ẹ ò ní mítà?”

“Orí omi ni mo wà, ọmọ mi. Kí ni mítà ń wá lórí omi? Ẹja ni yóò wá kà á ni?”

Gbogbo abẹ́ ilé yí ojú sí i.

“Kí ló wá dé tí ẹ kò sọ ọ́ láti àárọ̀?” ni Àǹtí Mot fi ìbínú bèèrè.

“Inú mi dùn ni. Kò sẹ́ni tó máa ń kọ̀wé sí mi.”

Rabiap gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ojú wá iye owó rí. “Ẹgbẹ̀rún kan ó lé ọ̀ọ́dúnrún àti mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Ẹ dúró ná. Bàbá Nok, èló lo san láàárọ̀?”

Baálẹ̀ yí ojú sí òpó. “Ẹgbẹ̀rún kan… ó lé ọ̀ọ́dúnrún… àti mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún.”

“Tèmi náà nìyẹn,” ni Àǹtí Mot wí.

“Èmi tí mo ní fíríìjì méjì àti ẹ̀rọ amúlétutù tí bàbá Nok kì í pa,” ni Rabiap ń kà á lórí ìka, “Mot tó ní àpótí ìsàba, àti Bàbá Chuea tó ní àtùpà. Iye kan náà, kò yẹ̀ ní báàtì kan! Ilé-iṣẹ́ wo ló ń ta iná bí ẹni ń ta ẹ̀wù àlòkù, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ iye kan?”

Sanit gbé orí sókè lórí ẹní rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ó ń ti oorun bọ̀. “Nígbà tí ẹ ti dé orí ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn, orúkọ bàbá mi ló wà lórí mítà ilé yìí. Plaeng. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fa iná dé ibí ni. Bàbá kú, a ò yí i. Ẹni tó ń gun alùpùpù wá ka mítà, tó ń ki ìwé sí ẹnu ọgbà, ‘Ọ̀gbẹ́ni Plaeng’ ló máa ń kọ síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ iná ò mọ Lamduan rí. Wọn ò tilẹ̀ mọ Phitchayapha. Òkú ni wọ́n mọ̀, òkú náà ò sì jẹ wọ́n ní gbèsè, nísinsìnyí ni mo rántí pé mo san án lọ́sẹ̀ tó kọjá.”

Àǹtí Mot fi ọwọ́ lé orí. “Ẹ̀gbọ́n Sanit! Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ láàárọ̀?”

“O bi mí pé ọkọ ta ni mí. Ìyẹn ni mo ṣì ń rò.”

“Ẹ gbé tẹ̀yin tì, ẹ jọ̀ọ́,” ni Rabiap wí. “Gbájúẹ̀ ni! Àwọn oníjìbìtì ni. Ibi kan ni wọ́n ti ra orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo wa, ìwé àtijọ́ ni wọ́n sì rà, òun ni wọ́n fi ń pe ẹni tó ti di Phitchayapha ní Lamduan. Wọ́n fi aago méjìlá sí i kí ẹ má bàa ráyè ronú. Ìgbà wo ni ìjọba ti ń kánjú rí? Lílà tí wọ́n ní àwọn ó la ọ̀nà yìí, ọdún wo ni wọ́n ti sọ ọ́?”

Ìgbà náà ni a gbọ́ ohùn kan tí a kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ohùn Baálẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò ní gbohùngbohùn nínú mọ́.

“Rabiap,” ni ó wí. “Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà báńkì mi.”

“O sì kọ ọ́?”

“Wọ́n tún bèèrè nọ́ńbà àṣírí.”

“Bàbá Nok!”

“Wọ́n fi ọ̀wọ̀ bèèrè!”

Ó fẹ́ fò dìde kí ó sáré gba ọ̀nà báńkì lọ. Gbogbo wa ké lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Ẹyin!” ó sì di gbagidi sójú kan, apá kan lókè, apá kan nílẹ̀. Àǹtí Mot kúnlẹ̀ tì í, ó sì yọjú sí àárín bọ́tìnnì méjì. Ẹyin kan ti lu. Ihò kékeré wà lára èèpo rẹ̀, ẹnu aláwọ̀ òfeefèé kan sì ń yọ síta nínú rẹ̀, ó ń wọlé.

“Ẹ má mira, Baálẹ̀,” ni ó sọ fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Bí ẹ bá mira báyìí, ó kú. Mo fi ẹsẹ̀ àlùfáà bẹ̀ yín. Gbogbo ohun tí mo ní ló wà lórí ikùn yín.”

“Gbogbo ohun tí èmi náà ní ló wà lọ́wọ́ olè!”

“Ẹ jẹ́ ká pe wọ́n,” ni Sanit wí, ó sì fẹ́ tẹ nọ́ńbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ ti wá. Rabiap gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

“O fẹ́ lọ sọ fún olè pé ó jalè? Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì báńkì là ń pè, kì í ṣe èyí tí olè fún wa.” Ó ki ọwọ́ sí àpò ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń kérora pé kí ó rọra, ó fa káàdì jáde, ó tẹ nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì gbé fóònù tì í létí. Ọmọbìnrin kan dáhùn láti báńkì, ohùn rẹ̀ tutù. Baálẹ̀ ṣàlàyé. Kò sọ ìtàn orílẹ̀-èdè kankan. Ọmọbìnrin náà bèèrè èyí, ó bèèrè tọ̀hún, lójijì ó sì yí ìbéèrè padà.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé pẹ́pẹ́yẹ ni mò ń gbọ́ yẹn?”

“Ikùn mi ni,” ni Baálẹ̀ dáhùn.

“Ẹ kú ìrọ́jú, sà.”

A dúró. Nígbà tí ó ṣe, ohùn náà padà wá. Ó ní owó iná èké yẹn ti bá olè lọ, àwọn kò lè ṣèlérí pé yóò padà. Ṣùgbọ́n àwọn ti ti ilẹ̀kùn àpò owó rẹ̀ pa, àwọn olè ti gbìyànjú láti wọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀ yẹn, ìyókù owó rẹ̀ sì wà níbi tí ó wà. Kí ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ fi ẹjọ́ sùn, kí ó má sì fi nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ han ẹnikẹ́ni mọ́, ìbáà fi ọ̀wọ̀ bèèrè, ìbáà dọ̀bálẹ̀. Omi bọ́ lójú Baálẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ ṣàn lọ sórí ẹní, nítorí kò lè gbé ọwọ́ nù ún.

Ènìyàn ì bá rò pé ní báyìí tí ìdí òkodoro ti yọ, a ó kó ẹyin padà sínú àpótí. Àǹtí Mot kò gbà.

“Bí ó bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí aago méjìlá kọjá ná.”

Báyìí ni gbogbo wa ṣe gbé ojú sókè sí fáànù, bí ẹni tí ó ń wo òṣùpá àwẹ̀. Ó ń yí. Rabiap ń ka aago fún wa. Ó ń yí. Ó ku ìṣẹ́jú kan. Ó ń yí. Bí aago méjìlá ti lù gan-an, fáànù náà fà sẹ́yìn, ó rẹ̀ ẹ́, ó mì lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró.

Igbe tí ó jáde lábẹ́ ilé náà lé àwọn pẹ́pẹ́yẹ ńlá wọ odò. Àǹtí Mot ṣubú lu àpótí rẹ̀, ó ń ké pé, “Ó tán! Ó ti wọlé! Lamduan, o pa mí!” Bàbá Chuea bẹ̀rẹ̀ sí kígbe orúkọ Búdà. Baálẹ̀ ní òun sọ ọ́, òun sọ ọ́ pé ìjọba kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni.

“Kí ló ṣẹlẹ̀?” ni Sanit bèèrè. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, wáyà fáànù tí ó ti yọ kúrò lójú iná wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀, wáyà ìkòkò ìrẹsì sì wà ní ọ̀tún, ó ti kì í bọ ojú iná. “Ọ̀sán ti pọ́n. Mo rò pé ebi á ti máa pa yín.”

N kò ní kọ ohun tí aya rẹ̀ sọ fún un sínú ìwé tí ọmọdé lè kà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé iná pupa kékeré inú ìkòkò ìrẹsì náà ń tàn, ó ń tàn bí ojú ẹni tí kò mọ ohun tí a ń bínú sí. Nípa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni a fi mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ iná kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ẹyin wọn kò tíì lu rọra kó wọn padà sínú àpótí. A jẹ ìrẹsì pẹ̀lú ẹja díndín àti ata. Láti ọjọ́ náà, bí àtẹ̀jíṣẹ́ kan bá ti ń kánjú lé ẹnikẹ́ni lórí ní abúlé wa, wọn a ní, “Gbé ẹyin síkùn ná,” ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé dùbúlẹ̀, má mira, jẹ́ kí aládùúgbò rẹ ka tirẹ̀ sókè kí o tó fi ọwọ́ kan nǹkan.

Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ kò lè dìde. Ẹyin tí ó bá ti lu, a kì í ṣí i nípò. Nígbà tí ọ̀kan lu, àwọn yòókù gbọ́ ohùn rẹ̀, àwọn náà gba iṣẹ́. Ó dùbúlẹ̀ lọ láti ọ̀sán títí oòrùn fi rẹlẹ̀ sẹ́yìn oko ìrẹsì. Ìpàdé rẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Rabiap ń fi ṣíbí bu ìrẹsì sí i lẹ́nu, Àǹtí Mot kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò jẹ, kò mu, ó tẹjú mọ́ yunifọ́ọ̀mù ìjọba tí ó ń gòkè tí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Níkẹyìn, bọ́tìnnì kan fúnra rẹ̀ já. Orí kékeré kan tí ó tutù, tí irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, yọ jáde lábẹ́ àmì oyè. Ó wo ọ̀run, ó wo fáànù, lẹ́yìn náà ó yí ojú sí ojú ńlá rùgùdù tí ó wà lókè rẹ̀, ó sì wò ó pẹ́ títí.

“Wíì,” ni ó wí fún Baálẹ̀.

“Pẹ̀lẹ́ o,” ni Baálẹ̀ dáhùn.

Gbogbo wọn ni ó yè, kò ku ẹyọ kan. Àwọn ti inú àpótí di ọmọ ní ọjọ́ kejì, ojú Àǹtí Mot ni wọ́n kọ́kọ́ rí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sì ń tọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ti orí ikùn ti yan ìyá tiwọn. Àǹtí Mot kó wọn sílé, wọ́n jáde. Ó sé ọ̀nà mọ́ wọn, wọ́n gba abẹ́ ọgbà. Títí ilé Baálẹ̀ ni wọ́n tò lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n dúró ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn rẹ̀, wọ́n sì ń ké. Èyí tí ó tún burú jù ni pé wọ́n kọ̀, wọn kò wọ omi. Pẹ́pẹ́yẹ tí kò bá mọ omi, kò sí ẹni tí yóò rà á. Àǹtí Mot tì wọ́n sínú odò, wọ́n fò padà sókè. Ó da oúnjẹ sí ojú omi, wọ́n wò ó lókèèrè. Ọjọ́ kẹta ni ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Baálẹ̀, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ níwájú orí.

Mo wà létí odò ní òwúrọ̀ tí ó gbà. Ó ká ṣòkòtò yunifọ́ọ̀mù sókè, ó bọ́ bàtà, ó fi ọ̀wọ̀ gbé fìlà rẹ̀ lé ọwọ́ Rabiap, ó sì wọnú omi, ó ń bú gbogbo ohun tí ó ní ìyẹ́. Àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ tò sí etí bèbè, wọ́n na ọrùn, wọ́n ń wò ó. Ọ̀kan fi ẹsẹ̀ kan kan omi, ó sì fà á padà.

“Wọn ò ní wá, Mot.”

“Wọ́n á wá. Ẹ tún sún síwájú díẹ̀ sí i.”

“Omi ti dé orúnkún mi!”

“Ẹ jókòó sínú ẹ̀, Baálẹ̀,” ni Àǹtí Mot wí láti orí ilẹ̀ gbígbẹ, “kí wọ́n lè rí bí wọ́n ṣe ń léfòó.”